Ó ní òun fojú òun rí i, ó sì lè búra

Ìbéèrè tí àǹtí kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ káàsán mà. Ìkòròdú là ń gbé. Oṣù tó kọjá, àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa lóru, wọ́n mú ìbọn dání, wọ́n kó owó àti fóònù lọ. Lóru ọjọ́ yẹn, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ fún ọlọ́pàá pé ọmọkùnrin mẹ́ta ni, pé ọ̀kan nínú wọn ga, ó sì pupa. Lọ́jọ́ kẹta ló wá padà lọ sọ ní téṣàn pé àbúrò mi ni ẹni tó ga yẹn. Àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó lòun sùn lọ́jọ́ náà, níbi àìsùn òkú bàbá ọ̀rẹ́ òun. Wọn ò bá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni Ọlọ́run ni ìyá yìí o, gbogbo wa la mọ̀ pé kì í parọ́, ó sì ní òun lè búra. Ṣé ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n? Báwo ni lọ́yà ṣe máa tú irọ́ ẹ̀ fó?"

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tẹ́ ẹ bèèrè gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, tó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn ìdigunjalè ni, ó lè ju ẹ̀wọ̀n lọ, torí ikú ni òfin kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ìbọn jalè. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 200, sọ ọ́ gbangba pé kò sí iye ẹlẹ́rìí kan pàtó tó gbọ́dọ̀ pé kí kóòtù tó lè gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́. Ẹ̀sùn díẹ̀ ló yọ sọ́tọ̀, bíi ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, bíi ìbúra èké, àti èyí tó máa ya yín lẹ́nu, eré àsápajúdé lójú títì. Ẹnìkan ò lè dá nìkan dìde kó ní lójú tòun eré dírẹ́bà yìí ti pọ̀ jù, kí kóòtù sì torí ìyẹn nìkan dá a lẹ́bi. Ẹ wá wò ó o, lórí eré mọ́tò tó jẹ́ pé owó ìtanràn ló máa ń já sí, ojú kan ò tó, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀sùn tó lè gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ, ojú kan lè tó. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì yé dùn mí.

Ohun tó wà níbẹ̀ tó lè gbà yín ni abala 135 nínú òfin yẹn kan náà: ìjọba tó pe àbúrò yín lẹ́jọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ débi tí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kankan ò fi ní kù lọ́kàn adájọ́. Àbúrò yín ò ní láti jẹ́rìí pé òun ò mọwọ́-mẹsẹ̀. Tí iyèméjì bá kù, tiẹ̀ ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ò sí lórí pé ẹlẹ́rìí mélòó ló wà, ibi tọ́rọ̀ wà ni irú ẹ̀rí tí ẹni kan yẹn jẹ́.

Ìbéèrè yín kejì ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bá wọ kóòtù rárá. Ẹ ní báwo ni lọ́yà ṣe máa tú irọ́ ẹ̀ fó. Àǹtí mi, tí lọ́yà yín bá dìde tó ń pe ìyá yẹn ní òpùrọ́, ẹ ti pàdánù ẹjọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Adájọ́ máa wo àgbàlagbà obìnrin tó wé gèlè, tí omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, tí wọ́n kó gbogbo owó ọjà ẹ̀ lọ, tí kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ilé yín tẹ́lẹ̀, á bi ara ẹ̀ pé kí ni ìyá yìí fẹ́ fi irọ́ jèrè? Kò sì sí ìdáhùn. Tó bá jẹ́ pé irọ́ àti òótọ́ nìkan la gbé síwájú adájọ́, òótọ́ ló máa mú. Ẹ̀kẹta wà tí a kì í sábà rántí: kí èèyàn máa sọ òótọ́ inú ẹ̀, kó má fi nǹkan kan kún un, síbẹ̀ kó jẹ́ pé ó ṣìrí. Ìyá yẹn lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ pé kì í parọ́, mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, orí ẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn agbẹjọ́rò ìjọba nínú kóòtù, bí ẹni pé òwe yẹn ti parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ó ní ẹni tó rí i sàn ju ẹni tí wọ́n ròyìn fún lọ, òótọ́ sì ni, ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹni tó bá ní òun rí nǹkan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sọ ọ́. Òwe yẹn ò sọ pé ojú kì í ṣìnà. Ta ni ò tíì ṣe é rí ká máa lọ lọ́nà, ká rí ẹni tá a mọ̀ níwájú, ìrìn ẹ̀, ẹ̀yìn orí ẹ̀, ká pe orúkọ ẹ̀ títí, kó wá yíjú padà kó jẹ́ ẹni tá ò rí rí? "Ẹ má bínú o, mo ṣì yín mú ni." Ọ̀sán gangan nìyẹn o, ọkàn wa balẹ̀, kò sẹ́ni tó na ìbọn sí wa.

Ìbúra ńkọ́? Ẹ ní ó lè búra. Á búra lóòótọ́. Nínú kóòtù wa, onígbàgbọ́ á fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí á fi Kùránì, oníṣẹ̀ṣe lè fi irin Ògún búra. Gbogbo ẹ̀ dáa, ó máa ń dẹ́rù ba òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè tún ojú ẹni tó ṣìrí ṣe nínú wọn. Ẹni tó dá lójú pé ẹni tí òun rí nìyí á búra láìmikàn, ọwọ́ ẹ̀ ò sì ní gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, Adolf Beck, ará Norway tó ń gbé ní London. Ní ìparí ọdún 1895, obìnrin kan dá a dúró lójú títì, ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé Beck ló fi ẹ̀tàn gba aago àti òrùka lọ́wọ́ òun. Gbájúẹ̀ kan wà nígbà náà tó máa ń pe ara ẹ̀ ní ọlọ́lá, á ṣèlérí iṣẹ́ àti aṣọ olówó ńlá fáwọn obìnrin, á wá kó ohun ọ̀ṣọ́ wọn lọ. Ọlọ́pàá kó àwọn obìnrin tí wọ́n ti lù ní jìbìtì jọ, wọ́n ní kí wọ́n wá wo Beck, ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́, obìnrin kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n ń sọ pé òun ni, òun ni. Ọlọ́pàá àtijọ́ kan tún dìde, ó ní òun lòun mú ọkùnrin yìí lọ́dún 1877 lórí irú ìwà yìí kan náà, tó ń pe ara ẹ̀ ní John Smith, pé kò sí iyèméjì kankan. Lọ́dún 1877 tó ń sọ yẹn, Gúúsù Amẹ́ríkà ni Beck wà, ní Peru. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méje lọ́dún 1896.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n ti John Smith àtijọ́ wà nílẹ̀, ó sì wà nínú ẹ̀ pé Júù ni, ó ti dákọ́. Beck ò dákọ́. Kí ẹnikẹ́ni máà tíì sọ ọ̀rọ̀ ojú àti irùngbọ̀n, ara ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ti jẹ́rìí pé òun kọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí ìyàtọ̀ yìí lọ́dún 1898, nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó jáde lọ́dún 1901. Lọ́dún 1904, wọ́n tún mú un lórí ẹ̀sùn kan náà, àwọn obìnrin mìíràn tún wá, wọ́n tún ní òun ni, wọ́n tún dá a lẹ́bi. Bí Beck ṣe ń dúró de ìdájọ́ nínú àhámọ́ ni gbájúẹ̀ náà gan-an tún lọ gba òrùka lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n mú un níbi tó ti fẹ́ fi í yáwó, àṣírí wá tú. Ìjọba dárí ji Beck, wọ́n fún un ní £5,000, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fún ẹjọ́ ọ̀daràn sílẹ̀ lọ́dún 1907. Gbogbo àwọn obìnrin yẹn, mi ò rò pé ọ̀kan nínú wọn jókòó sílé kó ní jẹ́ kí n lọ parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí. Wọ́n ti lù wọ́n ní jìbìtì lóòótọ́, inú ń bí wọn lóòótọ́, ọlọ́pàá ní àwọn ti mú ẹni náà, ẹ wá wò ó, wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n sì rí ẹni tí wọ́n wá wò.

Ẹ̀yin á ní àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ òde òní díẹ̀. Lọ́dún 1984, ní ìlú Burlington ní North Carolina, Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan já wọlé ọmọ yunifásítì kan, Jennifer Thompson, lóru, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Ọmọbìnrin yìí gbọ́n, ó sì láyà. Nígbà tí nǹkan burúkú yẹn ń ṣẹlẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wo ojú ọkùnrin yẹn, ó ń wá àpá, ó ń kíyè sí bó ṣe ga tó, ó ní tí òun bá yè é, òun á rí i pé wọ́n mú un. Tó bá jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan wà láyé yìí tó yẹ ká gbà gbọ́ láìwẹ̀yìn, irú ẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́pàá kó fótò sílẹ̀ fún un, ó wò ó fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ó mú Ronald Cotton. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n to àwọn èèyàn sórí ìlà, Cotton nìkan ló wà nínú fótò tó tún wà lórí ìlà, ó tún mú un. Ọlọ́pàá wá sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fótò náà ló tún mú yìí. Ṣé ẹ rí ibẹ̀ yẹn? Ọ̀rọ̀ kékeré ni, inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, ojú Cotton ló kù lọ́kàn ọmọbìnrin yẹn, ojú ẹni tó ṣe é ti wábi gbà.

Wọ́n sọ Cotton sẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1987, ẹjọ́ náà padà sí kóòtù, wọ́n mú ọkùnrin mìíràn wọlé, Bobby Poole, tó ti ń fọ́nnu lẹ́wọ̀n pé òun lòun ṣe é. Wọ́n bi Jennifer pé ṣé ó mọ ọkùnrin yìí. Ó ní òun ò rí i rí. Poole gan-an ló sì ṣe é o. Ẹni tó dá a lóró dúró níwájú ẹ̀, kò dá a mọ̀, ó tún tọ́ka sí Cotton. Ọdún 1995 ni ìdánwò DNA, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara, tó fi Poole hàn, Cotton ti lo ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ lẹ́wọ̀n. Àwọn méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn ìyẹn, Jennifer bẹ̀ ẹ́, Cotton dárí jì í, wọ́n sì jọ rìn káàkiri láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ẹgbẹ́ Innocence Project tó wà ní New York, tó ti ń gba irú àwọn èèyàn báyìí sílẹ̀ láti ọdún 1992, ti ka àwọn ẹjọ́ tí DNA ti tú ká ní Amẹ́ríkà. Nínú bíi mẹ́wàá, ó tó méje tó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí tó ṣi èèyàn mú wà nínú ẹ̀. Ní ti wa ńbí, DNA ò sí nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ìka ọwọ́ gan-an wọn kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹni tí wọ́n ṣì mú lè máà ní nǹkan kan tó máa gbà á sílẹ̀ láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jà lórí ẹ̀rí ojú ju gbogbo nǹkan lọ.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? A máa ń rò pé iyè wa dà bíi kámẹ́rà, pé ohun tó wọlé wà níbẹ̀ bó ṣe wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ ìtàn tí ìyá àgbà ń pa, gbogbo ìgbà tó bá pa á ló ń tún un hun, ohun tó gbọ́ lẹ́yìn náà á sì wọnú ẹ̀ láìmọ̀. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Amẹ́ríkà fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han àwọn èèyàn, wọ́n wá bi wọ́n pé báwo ni eré àwọn mọ́tò yẹn ṣe pọ̀ tó. Fíìmù kan náà o. Àwọn tí wọ́n bi bíi ká ní "nígbà tí wọ́n forí sọra wọn gbàmù" sọ pé eré ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 41 ní wákàtí, àwọn tí wọ́n bi bíi ká ní "nígbà tí wọ́n fara kanra" sọ pé bíi 32. Wọ́n tún ṣe irú ẹ̀ mìíràn, wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù yẹn. Àwọn tí wọ́n bi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ líle yẹn, nínú àádọ́ta, mẹ́rìndínlógún ló ní àwọn rí i, nígbà tó jẹ́ pé nínú àádọ́ta tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó rọ̀ bi, méje péré ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ẹni tó ń bèèrè ti sọ nǹkan tí ò sí di ohun tójú rí.

Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí téṣàn wa. Ó yàtọ̀ kí IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́, bi èèyàn pé "Mà, ta lẹ rí?" sí kó bi í pé "Mà, ṣé kì í ṣe ọmọ dúdú tó ń jókòó ní kọ́nà yẹn?" Ọ̀kan ń bèèrè, èkejì ti ń fi sí i lẹ́nu. Mi ò ní ìkà ni gbogbo ọlọ́pàá, ẹjọ́ ló ń já lé wọn lórí, ọ̀gá ń pariwo, wọ́n fẹ́ kó tètè tán.

Ìbọn náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, ihò ìbọn yẹn lojú ẹ̀ máa ń wà, kì í ṣe ojú ẹni tó mú un dání, àwọn onímọ̀ ti dán èyí wò lóríṣiríṣi. Òkùnkùn tún wà, ẹ̀rù, àti bí àkókò ṣe kéré tó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lè dà bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹni tó dojú bolẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, ẹ̀yìn ọ̀gá mi ni mo ń jókòó sí. Bàbá kan tí wọ́n jà lólè lóru ni ẹlẹ́rìí, ó ní iná wà, òun rí ojú ọmọkùnrin yìí kedere. Ọ̀gá mi ò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ewu o. Nígbà tí wọ́n wọlé, kí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ?" Bàbá ní, "Wọ́n ní ká dojú bolẹ̀." "Ẹ sì dojú bolẹ̀?" "Mo dojú bolẹ̀, ọmọ mi, ta ni ò ní dojú bolẹ̀." "Ìgbà wo lẹ wá gbórí sókè, sà?" "Ìgbà tí wọ́n ń jáde lọ." Ọ̀gá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá ń jáde lọ, ẹ̀yìn wọn ló kọjú sí yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sà?" Bàbá ò fèsì. Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ lórí pákó yẹn. Ó pẹ́ kó tó wá ní, "Ohùn ẹ̀ ni mo mọ̀." Gbogbo kóòtù dákẹ́ lọ gbári. Kò sí ọ̀rọ̀ ohùn nínú sítétímẹ́ǹtì ẹ̀ rárá, ojú ló ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá ọmọ yẹn sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nígbà tá a jáde, bàbá yìí wá bá mi níta, kò bínú, ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta wá ni mo rí?" Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Ó ti gbé ojú ọmọ yẹn sọ́kàn fún ọdún mẹ́ta, ó sì dá a lójú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ti àbúrò yín. Àwọn kóòtù wa mọ gbogbo èyí o, kò ṣàjèjì sí wọn. Lọ́dún 1976, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Turnbull, àwọn adájọ́ Nàìjíríà sì ń tẹ̀ lé e títí dòní. Adájọ́ gbọ́dọ̀ bi ara ẹ̀ pé: báwo ló ṣe pẹ́ tó tí ẹlẹ́rìí fi rí ẹni náà, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó, irú ìmọ́lẹ̀ wo ló wà, ṣé nǹkan dí i lójú, ṣé ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mélòó ló kọjá kó tó sọ fún ọlọ́pàá, ṣé ohun tó kọ́kọ́ sọ bá ẹni tí wọ́n mú mu? Nínú ẹjọ́ Ikemson lọ́dún 1989, Kóòtù Gíga Jùlọ wa sọ ìgbà tó pọn dandan pé kí ọlọ́pàá to àwọn èèyàn sórí ìlà kí ẹlẹ́rìí mú ẹni tó rí: bíi tí kò bá mọ olè náà rí, tàbí tó jẹ́ fìrí ló rí i, tàbí tí ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ò jẹ́ kó ráyè wò ó dáadáa.

Agbẹjọ́rò ìjọba máa sọ pé ìyẹn ò kan ẹjọ́ yín, torí pé àdúgbò kan náà ni ìyá yìí àti àbúrò yín ń gbé, ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kí ni wọ́n tún fẹ́ to ìlà sí. Lóòótọ́, kóòtù máa ń gba ẹni tó dá ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀ gbọ́ ju ẹni tó rí àjèjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ Turnbull náà kìlọ̀ pé èèyàn máa ń ṣi ọ̀rẹ́ àti ẹbí gan-an mú. Ṣùgbọ́n ibi tí agbẹjọ́rò ìjọba máa fẹsẹ̀ tì yẹn gan-an ni ẹjọ́ wọn ti lè wó. Tó bá mọ̀ ọ́n láti kékeré, kí ló dé tí kò pe orúkọ ẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìbéèrè yín, mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ bó ṣe wúwo tó: lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, "ọmọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan ga, ó pupa." Lọ́jọ́ kẹta, orúkọ. Bí olè bá wọlé mi, tí mo sì rí i pé ọmọ Ìyá Bísí ni, mi ò ní sọ fún ọlọ́pàá pé ọmọkùnrin kan tó ga ni, ọmọ Ìyá Bísí ni màá sọ! Ìlànà tó ti fìdí múlẹ̀ nínú àwọn kóòtù wa ni pé ẹlẹ́rìí tó mọ ẹni tó ṣe é, tí kò dárúkọ ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó ní àǹfààní ẹ̀, tí kò sì lè sọ ìdí tó jọjú, kí adájọ́ ṣọ́ra gidi pẹ̀lú ẹ̀rí ẹ̀.

Nítorí náà, àárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta yẹn ni kí lọ́yà yín gbájú mọ́. Àwọn wo ló wá kí ìyá yẹn láwọn ọjọ́ yẹn? Kí ni wọ́n ń sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ẹnìkan sọ pé "ọmọ yẹn ò sí nílé lóru àná o"? Ṣé ẹnìkan gbé fótò àbúrò yín sórí WhatsApp àdúgbò? Èèyàn á wá báni kẹ́dùn, á ní òun fura sí lágbájá, nígbà tó máa fi di alẹ́, ojú lágbájá ti wọ inú àlá ẹni. Ohun kan náà ni títo afurasí síwájú kámẹ́rà máa ń fà. Tí wọ́n bá to afurasí síwájú àwọn oníròyìn, gbogbo ẹlẹ́rìí á ti rí ojú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó dé kóòtù. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ìyẹn lọ́dún 2021, ó sì dùn mọ́ mi.

Ká má sì ṣi ara wa lọ́nà o. Ẹ̀rí ojú wúlò, láìsí i ọ̀pọ̀ ìkà ni ì bá máa rìn káàkiri. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kí ọlọ́pàá tó kan sáárá sí i, ló sábà máa ń wúlò jù. Ìdánilójú tó wá nínú kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì ò ju bí omi tó ti gba ojú ọ̀pọ̀ gọ́tà kọjá lọ. Ti ìyá yìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ kì í ṣe orúkọ àbúrò yín.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí lọ́yà béèrè fún sítétímẹ́ǹtì méjèèjì tí ìyá náà kọ, pàápàá ti àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ àbúrò yín ni lábẹ́ Òfin Ìpìlẹ̀ Ilẹ̀ Wa (constitution), abala 36, pé kó ní àkókò àti ohun èlò láti múra ẹjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, àti pé kí lọ́yà ẹ̀ bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Tí ìjọba bá gbé ìkejì jáde tó sì fi àkọ́kọ́ pa mọ́, òfin gba adájọ́ láyè láti gbà pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní gbè wọ́n. Tẹ́ ẹ ò bá lówó lọ́yà, Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ọ̀fẹ́ ni. Àbúrò yín ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan tí kò tíì kà, kó sì sọ pé lójú lọ́yà lòun máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má lọ bá ìyá yẹn o. Ẹ má rán pásítọ̀ sí i, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì kọ nǹkan nípa ẹ̀ sórí Facebook. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kéèyàn yọ ẹlẹ́rìí lẹ́nu, kò sì ní ran àbúrò yín lọ́wọ́. Àti pé, wọ́n jà á lólè lóòótọ́. Ẹ̀rù ń bà á lóru.

Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ máa sáré sí jù. Ẹni tó bá ní òun ò sí níbi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, pẹ̀lú àlàyé: ilé tó wà, àdúgbò, àkókò tó dé àti àkókò tó kúrò, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà. Tó bá ti sọ ọ́ báyìí, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti lọ wádìí ẹ̀, tí wọn ò bá lọ, ó máa ṣàkóbá fún ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tó bá di inú kóòtù kó tó mẹ́nu kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́, adájọ́ á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó jọ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí lọ́yà fún wọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù.

Níbi àìsùn, ó dájú pé ẹnìkan á ti ya fídíò. Fóònù tí wọ́n fi yà á gan-an lẹ nílò, èyí tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ò tó, torí pé àwọn àmì ọjọ́ àti àkókò tó wà lára ẹ̀ máa ń sọnù níbẹ̀. Lọ́yà yín á tún ní láti ṣe ìwé ẹ̀rí tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí béèrè fún kí kóòtù tó gba ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Oṣù kan ti kọjá báyìí, ààyè fóònù èèyàn á sì ti máa kún, nítorí náà ẹ pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ṣòkú yẹn lónìí, ẹ ní kó bá yín wá ẹni tó ń yà lọ́jọ́ náà, kí onítọ̀hún má pa nǹkan kan rẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.